Bí Mo Ṣe Kúnlẹ̀ Gba Orúnkún Mi ní Igbó Àìbẹ̀wò

Ẹ sún mọ́ ibí kí ẹ jókòó. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń ro kí ó nà án, ṣùgbọ́n kí ó má nà án kọjá ibi tí Ẹlẹ́dàá pààlà sí, nítorí ààlà yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kọjá ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi sì rí nǹkan. Èmi ni Ọdẹ́yalé, ọdẹ Ìmọ̀jà. Èmi ni mo pa ẹkùn ní ìyálẹ̀ta tí mo sì délé bá oúnjẹ ọ̀sán lórí iná. Bí mo bá wúkọ́ ní etí igbó, ìmàdò a bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá ó ti palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ àwọn tí ó wà níhìn-ín. Àwọn kan wà nínú yín tí wọ́n pa òkété kan láyé ijọ́un, tí wọ́n sì fi ìtàn òkété náà jẹ iyán káàkiri ìlú títí irun wọn fi funfun. N kò bá wọn jà. Ẹni tí kò rí erin rí ni ó ń pe ẹlẹ́dẹ̀ ní àjànàkú.

Ẹfọ̀n kan ni ó fa gbogbo rẹ̀. Akọ ẹfọ̀n dúdú, ìwo rẹ̀ ọ̀kan kán ní ìdajì. Ó bá àbúrò mi, Òjéwùmí, nínú oko ilá rẹ̀, ó sì fi ìwo tí ó kù pa á bí ẹni ń pa aláǹgbá. Òjéwùmí kì í ṣe ọdẹ. Kò pa ẹran rí ju èyí tí ó bá sùn lójú pàkúté lọ. Nígbà tí a sin ín tán, mo dúró níwájú Olúọ́dẹ, olórí gbogbo ọdẹ ìlú wa, mo ní, "Bàbá, n kò ní í bá ìyàwó mi sùn, n kò ní í fá irun orí mi, àfi bí mo bá mú ìrù ẹfọ̀n yẹn wálé." Olúọ́dẹ mi orí. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo kì í lé ẹfọ̀n, kí n mú Láwọyin dání.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Láwọyin jẹ́ fún yín. Ó ga bí ọ̀pẹ, ohùn rẹ̀ jìn bí kànga, àyà rẹ̀ kò sì tó ti adìẹ òpìpì. Oògùn kún ara rẹ̀ láti ọrùn dé kókósẹ̀, èyí ń dún ṣaworo, èyí ń dún kókó. Bí ó bá ń rìn nínú igbó, ṣe ni ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń kó àwo ìyàwó tuntun wọlé. Ẹran tí ó bá dití nìkan ni Láwọyin lè pa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Olúọ́dẹ kì í bọ́ sílẹ̀, ni mo bá mú un lọ bí ẹni gbé agbọ̀n tí ó ti jò lọ sódò.

A tọ ipasẹ̀ ẹfọ̀n náà títí a fi kọjá oko, a kọjá ẹgàn, a wọ ibi tí wọ́n ń pè ní Igbó Àìbẹ̀wò. Igi ibẹ̀ sún mọ́ ara wọn bí olófòófó méjì. Níbẹ̀ ni a ti rí ìgbẹ́ ẹfọ̀n tí ó ṣì ń rú èéfín. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn pé kí Láwọyin dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo dákẹ́ nà," gbogbo oògùn ara rẹ̀ sì dún pọ̀ bí ó ti ń sọ ọ́. Kí n tó gbé ìbọn dé èjìká, igbó ya, ẹfọ̀n já lu wá bí òrùlé tí ó wó. Láwọyin kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ó fi èjìká gbá mi kúrò lójú ọ̀nà, ó sì gun igi kan tí ọ̀bọ pàápàá yóò kọ́kọ́ rò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gùn. Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi sínú koríko. Níwájú mi, ọ̀gbun ni, ó fẹ̀. Ẹ̀yìn mi, ìwo ni. Mo fò.

Mo ré ọ̀gbun náà kọjá. Ẹ má gbàgbé èyí nígbà tí ẹ bá ń sọ ìtàn mi níbòmíràn. Ṣùgbọ́n orí àpáta tí ewé bò ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bà lé, ó nà gbọnrangandan bí ọmọ odó, àtẹ́lẹsẹ̀ mi sì há sínú pàlàpálá òkúta. Ẹsẹ̀ dúró, ara ń lọ. Orúnkún mi, tí gbogbo ayé mọ̀ pé iwájú ni í kọjú sí, yẹ̀ sẹ́yìn bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Mo gbọ́ "pọ́ì!" Mo gbójú sókè, mo rò pé ẹ̀ka igi kan ni ó ṣẹ́. Ìgbà tí mo ṣubú tí ojú mi ṣú ni mo mọ̀ pé èmi ni ẹ̀ka náà.

Ẹfọ̀n dúró ní òdìkejì, ó fọn imú, ó wò mí bí ẹni ń wo ìdọ̀tí, ó sì yí padà lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Láwọyin tó sọ̀kalẹ̀.

Mo ké sí i pé, "Láwọyin! Orúnkún mi ti yẹ̀. Gé igi kan kí o gbé e dábùú, wá gbé mi."

Ó na ọrùn wò mí láti ọ̀nà jíjìn. "Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde?"

"Kò sí ẹ̀jẹ̀. Wá."

"Ẹ má mira, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ pe àwọn èèyàn wá."

"Láwọyin, bí o bá kúrò níbẹ̀ yẹn..."

Ṣaworo, ṣaworo, kókó: ó ti lọ. Kò tilẹ̀ ju ìbọn mi sí mi kí ó tó lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. N kò mọ̀ pé Láwọyin kò tó itọ́ pàápàá.

Ẹnìkan bi mí léèrè lọ́jọ́ kan pé báwo ni ìrora náà ti rí. Ìbéèrè òmùgọ̀! Ẹ wo orúnkún mi bí ó ti wú lójú mi, tí ó ń ga bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí, tí kòtò ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gbóná bí ẹni pé iná ń jó níbẹ̀. Bí mo bá gbìyànjú láti fi tẹ ilẹ̀, egun òkè ń lọ sí ọ̀tún, tìsàlẹ̀ ń lọ sí òsì, bí ìyàwó méjì tí wọ́n jọ fẹ́ sílé kan. Mo fi ìdí wọ́ sábẹ́ igi kan. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí nǹkan kan fi ń bọ̀ láàárín igi.

Ohun tí ń bọ̀ náà kò ní ọrùn. Orí rẹ̀ jókòó lórí èjìká bí ìkòkò lórí àdògán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń wọ́ ìka rẹ̀ nílẹ̀. Ó rí orúnkún mi, ìdùnnú sì bò ó lójú.

"Ó yẹ̀! Ó yẹ̀! Èmi ni Àfàtúnfà, oníṣẹ́ egun. Kò sí ohun tí ó wọ́ tí n kò fà gún rí. Ìwọ ọdẹ, jẹ́ kí á pa àdéhùn. N ó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá san, wàá dúró tì mí títí láé, wàá máa pa ẹran fún mi. Bí kò bá san, n ó fa ẹsẹ̀ náà yọ, n ó sì gbé e lọ."

"Ta ni o ti fà tí ó san?"

Ó ronú. "Gbogbo wọn ni wọ́n dákẹ́ lẹ́yìn tí mo fà wọ́n tán."

Ẹ̀yin èèyàn mi, irú Àfàtúnfà bẹ́ẹ̀ ń bẹ nílé yín. Bí ẹsẹ̀ ọmọ yín bá yẹ̀ lónìí, ṣé kì í ṣe ìwọ tí o jókòó lẹ́yìn un nì ni wàá kọ́kọ́ sáré dé pẹ̀lú òróró àti omi gbígbóná, tí wàá máa wọ́ ohun tí ó ti ya, tí wàá máa fà á bí okùn kànga, tí ọmọ bá sì ké, wàá ní ọ̀lẹ ni? Ẹ máa bá a lọ. Ẹsẹ̀ yín kọ́.

Mo wo ojú òpònú náà, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọwọ́ rẹ wọ̀nyí gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gígùn kọ́ ni agbára. Ekòló pàápàá gùn. Kí n tó gbé ẹsẹ̀ ọdẹ bí èmi lé ọ lọ́wọ́, fa gbòǹgbò ìrókò yẹn kí n wò."

"Gbòǹgbò lásán?"

"Gbòǹgbò lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣòro fún ọ, sọ fún mi, n kò ní í wí fún ẹnikẹ́ni."

Ó fi ìbínú di gbòǹgbò mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìrókò kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ sẹ́yìn, òógùn bò ó. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá sì rí i pé ó fẹ́ jáwọ́, mo a ní, "Ṣé ó ti tó ni, Bàbá Oníṣẹ́ Egun?" Ni yóò bá tún di í mú. Ẹni tí ó mọ fífà tí kò mọ fífi sílẹ̀, igi ni yóò jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Mo yí padà, mo fi ìgbọ̀nwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì wọ́ ara mi lọ láàárín ewé títí n kò fi gbọ́ èémí rẹ̀ mọ́.

Omi ni mo ń wọ́ lọ bá, nítorí òùngbẹ. Odò kan ni, omi rẹ̀ tutù, ó mọ́. Láàárín odò náà ni arúgbó obìnrin kan dúró sí lórí ẹsẹ̀ kan, bí lékeléke. Nígbà tí ó rí mi, ó gbé ẹsẹ̀ kejì sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀yìn ni wọ́n kọjú sí. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà a ká síwájú. Mo mọ̀ pé iwin ni, àmọ́ iwin tí kò ní ìwà ọ̀yàyà kankan.

"Ọdẹ," ni ó wí, "kí ni ó ń ru ọba, tí ó ń ru ẹrú, tí ẹnikẹ́ni kì í kí i kú iṣẹ́ àfi lọ́jọ́ tí ó bá bínú?"

Mo ní, "Ẹ kú ilé, Ìyá. Orúnkún ni. Bí mo bá wá sí ibí lánàá, n kì bá mọ̀ ọ́n."

Ó fọn imú. "Ó kéré tán, orí rẹ kò yẹ̀. Ìyá Arẹ́yìnkúnlẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Má fọwọ́ kàn án." Ó jókòó tì mí, ó fi ìka méjì lé òkè àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó dákẹ́ bí ẹni ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. "Ó gbóná. Ẹ̀jẹ̀ ń lù níbẹ̀. Dúpẹ́ lọ́wọ́ orí rẹ. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ńlá kan gba kòtò ẹ̀yìn orúnkún kọjá. Bí ìyẹn bá já, ẹsẹ̀ a tutù, a funfun bí ikùn ẹja, kò sì sí ohun tí èmi lè ṣe sí i. Ṣé o gbọ́ ìró nígbà tí ó yẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé igi ni."

"Ìwọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí igi. Ta ló fọwọ́ ra á fún ọ?"

Mo ròyìn Àfàtúnfà fún un. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kó o ní ìjánu. Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ̀ ń gbé nǹkan káàkiri tí ẹ kò yẹ̀ wò rí. Okùn mẹ́rin ni ó di orúnkún rẹ mú. Ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan wà lápá òsì, méjì sì gba inú kọjá, wọ́n dábùú ara wọn bí okùn tí a fi so ẹrù. Timutimu wà láàárín egun méjèèjì kí wọ́n má baà máa họ ara wọn. Ilẹ̀kùn ni orúnkún: ó ní ibi tí ó ń ṣí dé, ó sì ní ibi tí òpó ti ń dá a dúró. Ìwọ ti ilẹ̀kùn náà gba inú òpó kọjá. Àwọn okùn inú yẹn ni ó gbà á. Wọn kò já tán, mo fọwọ́ bà á, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fà gùn, òmíràn sì ti fàya díẹ̀."

"Ìyá, ẹ wò mí sàn kí n lè lọ. Ẹfọ̀n kan ń dúró dè mí."

"Ẹfọ̀n kò dúró dè ọ́. Ẹfọ̀n ti gbàgbé rẹ." Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "N ó wò ọ́ sàn, ṣùgbọ́n mo ní ohun tí n ó gbà. Ní gbogbo ayé mi, n kò rí ẹni tí ó kúnlẹ̀ síwájú rí. Ẹ̀yìn ni gbogbo ìran mi ń kúnlẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí ara rẹ bá dá, wàá kúnlẹ̀ fún mi, lórí orúnkún méjèèjì, ìdí á kan gìgísẹ̀, wàá sì dìde láì di ohunkóhun mú. Títí di ọjọ́ náà, o kò ní í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yìí."

Ẹ̀yin náà gbọ́ nǹkan! Èmi, ọkùnrin, ọdẹ, kí n kúnlẹ̀! Ìdọ̀bálẹ̀ ni ti ọkùnrin Ìmọ̀jà. Ìkúnlẹ̀ ni ti obìnrin, ọba pàápàá kò sọ fún mi rí pé kí n kúnlẹ̀. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Dọ̀bálẹ̀ báyìí kí o tún dìde." Mo wo orúnkún mi, orúnkún mi náà wò mí. Mo gba àdéhùn.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ó ní kí n ki ẹsẹ̀ bọ inú odò tí ó tutù títí yóò fi kú díẹ̀, kí n gbé e jáde, kí n sinmi, kí n tún ki í bọ̀ ọ́. Ó fa ìdí gbérí, ẹ̀wù ọdẹ mi, ya, ó fi wé orúnkún náà, kò fún un pa, kò sì tú u sílẹ̀. Ó fi ẹ̀ka igi méjì dè é, kì í ṣe ní nínà tán o, ó jẹ́ kí ó ká díẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé ìtì igi kí ó ga ju àyà mi lọ. Mo bi í bóyá n lè mu ẹmu. Ó ní rárá. Mo bi í nípa omi gbígbóná. Ó ní, "Ilé tí ń jó, ṣé iná ni o máa ń bù kún un?" Ó ń fi ẹja àti iṣu ewùrà bọ́ mi, ó sì ń bú mi bí mo ti ń jẹun.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ó le jù? Kì í ṣe ìrora. Jíjókòó ni. Ní gbogbo òwúrọ̀, etu ń wá mumi lójú mi kòrókòró. Òkété, tí ẹ̀yin máa ń fi ṣe ìtàn, ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá láì yára. Mo a máa rò nípa Òjéwùmí. Mo a máa rí oko ilá rẹ̀. Nígbà míì, omijé a bọ́ lójú mi, mo a sì sọ fún Ìyá Arẹ́yìnkúnlẹ̀ pé èéfín ni. Ó mọ̀ pé kò sí iná níbẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó yíjú sí ẹja tí ó ń ha.

Nígbà tí ó yá, wíwú náà fà. Orúnkún mi tún jọ orúnkún. Mo fi tẹ ilẹ̀, kò dùn mí púpọ̀. Mo bá sọ fún ara mi pé: Ọdẹ́yalé, arúgbó yìí ń fi ọ́ ṣe ìsìn ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ó ti lọ dẹ ẹja ní ìsàlẹ̀ odò, mo tú igi ẹsẹ̀ mi dànù, mo mú àdá, mo gba ọ̀nà ibi tí ìbọn mi bọ́ sí. Mo rìn dáadáa. Mo tilẹ̀ ń kọrin. Mo yí ìdí igi kan, ojú mi sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ojú ẹfọ̀n oníwo-kíkán.

Ó já lù mí. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ ọ̀tún yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orúnkún náà kàn rọ lábẹ́ mi bí ewé gbígbẹ tí omi bà. Mo wó lulẹ̀ yakata sínú ẹ̀gún. Wíwó yẹn ni kò jẹ́ kí n kú, nítorí ìwo rẹ̀ kọjá níbi tí àyà mi wà tẹ́lẹ̀, ó sì gbé fìlà mi lọ. Ó yí padà láti parí iṣẹ́. Ni Ìyá Arẹ́yìnkúnlẹ̀ bá jáde láti inú igbó, ó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn-síwájú rẹ̀ tẹ ilẹ̀ lọ bá a. Ẹfọ̀n náà wò ó. Ó wo orí rẹ̀, ó rí i pé ó ń bọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dà bí pé ó ń lọ. Kò mọ èwo ni kí òun gbà gbọ́. Ó fọn imú, ó sì sá wọ igbó pẹ̀lú fìlà mi ní ìwo.

Obìnrin náà dúró lé mi lórí. "Kí ni ó kọ́kọ́ ń kúrò nílé, àlejò ni àbí ìdọ̀tí àlejò?"

Mo ń mí gúlegúle. "Àlejò ni, Ìyá."

"Ìrora ni àlejò. Ó ti lọ, o rò pé ilé ti mọ́. Okùn inú orúnkún rẹ kò tíì so, òpònú. Ẹran itan rẹ sì ti rọ nítorí jíjókòó, kò sí ohun tí ó ń ran okùn lọ́wọ́ mọ́. Dìde. Rárá, má dìde. Fi ìdí wọ́ bí o ti mọ̀ ọ́n wọ́."

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yẹ̀yẹ́! Èmi tí ẹkùn ń sá fún, mo dùbúlẹ̀ mo ń fi gìgísẹ̀ wọ́ ilẹ̀ wá sí ìdí díẹ̀díẹ̀, mo tún ń nà án padà. Mo ń fún ẹran itan mi le bí ẹni di ẹ̀ṣẹ́, mo tún ń dẹ̀ ẹ́. Mo ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ajá tí ó fẹ́ tọ̀. Bí mo bá fẹ́ kánjú, ó ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí mo bá fẹ́ ṣe ọ̀lẹ, ó ní òkú ọdẹ rọrùn láti bọ́ ju ààyè rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó mú mi wọ inú odò, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ tí ó yẹ̀ nìkan dúró nínú ìṣàn omi, kí orúnkún ká díẹ̀, kí n má jẹ́ kí ó yọ́ padà sẹ́yìn. Mo ṣubú. Mo mu omi. Ẹja rí mi. Mo tún dúró. Nígbà tí ó yá, omi ń ti mi, n kò mira. Ó ní kí n máa gun àpáta kan, kí n máa sọ̀kalẹ̀, kí n máa gùn, kí n máa sọ̀kalẹ̀. Oṣù lé, ó wọ̀, ó tún lé. Mo kórìíra àpáta yẹn ju bí mo ti kórìíra Láwọyin lọ, mo sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Ní òwúrọ̀ kan, ó jókòó sórí ìtì igi, ó ká ọwọ́, ó ní, "Ó tó. Wá san ohun tí o jẹ."

Mo dúró níwájú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ wo ọ̀tún, mo wo òsì bóyá ẹnikẹ́ni láti Ìmọ̀jà ń bọ̀. Mo wá rẹ ara sílẹ̀. Orúnkún òsì kan ilẹ̀. Ti ọ̀tún tẹ̀ lé e, ó ká, ó ká sí i, kò ta mí, títí ìdí mi fi jókòó lórí gìgísẹ̀. Mo kúnlẹ̀ bí ìyàwó tuntun. Arúgbó náà na ọrùn, ó wo bí egun ti yí lábẹ́ awọ, bí itan ti pàdé ojúgun. Ó sọ̀kalẹ̀ láti wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Mo dìde láì di nǹkan mú. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ó dára," ni ó wí. "Ó dára ju bí mo ti rò lọ. Ẹ ní irú nǹkan báyìí lára, ẹ wá ń fi fo ọ̀gbun." Ó yí padà, ó wọ odò lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká síwájú. Mo kí i pé ó dàbọ̀. N kò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Mo tọ etí ọ̀gbun náà lọ títí dé ibi tí ó parí sí, mo yí i ká, mo sì rí ìbọn mi nínú koríko, ó ti dípẹtà díẹ̀. Mo nù ún, mo ki ẹ̀tù sí i láti inú àpò mi. N kò lé ẹfọ̀n mọ́. Mo ti wo ọ̀nà tí ó ń gbà wá mumi. Mo lọ jókòó síbẹ̀ ní ìdí igi, afẹ́fẹ́ dojú kọ mí, ẹsẹ̀ mi ká sábẹ́ mi. Jíjókòó ni mo ti kọ́ jù ní ilé ìwé arúgbó yẹn. Ẹfọ̀n dé nígbà tí òrùn ti gòkè, ó tẹ orí sómi. Mo sọ orúkọ Òjéwùmí sábẹ́ ahọ́n. Ìbọn dún. Ẹranko náà kúnlẹ̀ kí ó tó ṣubú. Mo gé ìrù rẹ̀, mo gé ìwo kíkán yẹn mọ́ ọn, mo sì kọjú sílé, mo ń rìn wọ́ọ́rọ́.

Bí mo ti dé ẹ̀yìn odi Ìmọ̀jà ni mo ń gbọ́ ìró ìbọn. Mo pàdé ẹnìkan tí ó ru ẹrù ọtí, mo bi í pé ta ló kú. Ó wò mí, ó ju ọtí sílẹ̀, ó sá. Mo wọ agbo. Wọ́n ń ṣípà ọdẹ, ètùtù tí àwọn ọdẹ máa ń ṣe fún ọdẹ tí ó bá kú, àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi àti àpò mi àtijọ́ sì ni wọ́n gbé sí àárín. Ìyàwó mi, Àwẹ̀ró, jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú irun títú, ojú rẹ̀ wú. Láwọyin dúró lórí àpótí, gbogbo oògùn rẹ̀ ń dún.

"Ẹfọ̀n gbé ẹ̀gbọ́n mi sókè báyìí," ni ó ń wí, ó sì ń sunkún, "mo di ìwo rẹ̀ mú! Mo ní àfi kí o pa àwa méjèèjì! Orí ẹsẹ̀ mi níhìn-ín ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ pé, Láwọyin, bá mi tọ́jú Àwẹ̀ró. Mo sì di ọrùn ẹfọ̀n náà mú, mo lọ́ ọ pa bí adìẹ..."

Mo ní, "Ìrù rẹ̀ ńkọ́?"

Ó dáhùn láì wo ẹ̀yìn, "Ìrù rẹ̀ bọ́ sódò." Nígbà náà ni ó yíjú.

Mo sọ ìrù àti ìwo kíkán sílẹ̀ níwájú Olúọ́dẹ. Olúọ́dẹ gbé ìwo náà, ó yí i wò, ó sì gbé ojú sí Láwọyin. Láwọyin fò sílẹ̀ lórí àpótí náà, ó gba àárín àwọn obìnrin kọjá, ṣaworo, kókó, ṣaworo, ó kọrí sí ọ̀nà oko. Àwọn ọdẹ dìde fùú.

"Ọdẹ́yalé, ṣé kí á lé e ni?" ni Olúọ́dẹ bi mí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Kí ẹ tó lé nǹkan, ó yẹ kí ó jẹ́ ẹran."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. A kò rí Láwọyin mọ́ ní Ìmọ̀jà. Wọ́n ní ó wà ní ìlú kan lọ́hùn-ún tí ó ń wo àrùn fún wọn, ó ń fa egun. Ọlọ́run kó wọn yọ.

Àwẹ̀ró wá, ó fọwọ́ kan ojú mi, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ń kà mí bí ẹni ka iṣu tí olè wọ oko rẹ̀. Nígbà tí ó dá a lójú pé mo pé, ó bú sẹ́kún, ó ní, "Ebi ń pa yín?" Mo ní ebi ń pa mí. Kò sí oúnjẹ míràn nílé àfi èyí tí wọ́n sè fún òkú mi, ni ó bá bù ú wá, mo jókòó láàárín gbogbo wọn, mo jẹ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ sè é ń bẹ níbí lónìí, n kò ní í tan yín jẹ: iyọ̀ rẹ̀ kò tó.